Áísì Mẹ́jọ Tí A Ní Ó Jí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ẹ̀yin òǹkàwé, irọ́ kan wà nínú ẹbí tiwa tí kò mọ ní ogún ọdún. Ọdún mọ́kàndínlógójì gbáko ló lọ. Ẹni tó pa á kò mọ̀ pé irọ́ ni òun ń pa, àwa tí a gbà á gbọ́ náà kò sì mọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀, òun gan-an ni a sì pè ní olè.

Inú kọ̀ǹpútà kékeré kan ni òtítọ́ ọ̀ràn náà farapamọ́ sí ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, lókè àjà ilé wa ní Ìbàdàn. Kí n tó sọ bí mo ṣe rí i, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí kọ̀ǹpútà ọ̀hún ṣe dé ọ̀dọ̀ wa.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ni ín. Bàbá Lọ́ńdọ̀nù ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí pé ó lo ọdún mọ́kànlá ní ìlú ọba kó tó padà wálé ní 1984. Ó gbé fíríìjì bọ̀ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń gbé e bọ̀, ó gbé rédíò ńlá, ó kó aṣọ. Ṣùgbọ́n ohun tó gbé lé itan nínú bàálù, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, ni páálí kan tí wọ́n kọ ZX Spectrum sí lára. Nígbà tó tú u, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Nǹkan dúdú pẹlẹbẹ ni, kò tóbi ju Bíbélì lọ, bọ́tìnnì ara rẹ̀ sì rọ̀ bíi rọ́bà. Ara telifíṣọ̀n ni wọ́n ń so ó mọ́ kó tó lè sọ̀rọ̀.

Ilé-iṣẹ́ Clive Sinclair, tó wà ní ìlú Cambridge, ló gbé ẹ̀rọ yìí jáde ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1982. Iṣẹ́ tí Sinclair yàn láàyò ni kó máa ṣe nǹkan tó kéré, tí owó rẹ̀ kò sì ní ga ju apá mẹ̀kúnnù lọ. Richard Altwasser ló to inú ẹ̀rọ náà, Steve Vickers ló kọ èdè tó ń sọ àti ìwé tó bá a wá, Rick Dickinson ló ya bí ara rẹ̀ yóò ṣe rí. Oríṣi méjì ni wọ́n tà. Ọ̀kan jẹ́ 16K, pọ́n-ùn 125 ni. Èkejì jẹ́ 48K, pọ́n-ùn 175 ni. Ìta wọn kò yàtọ̀, bọ́tìnnì wọn kò yàtọ̀. Ìrántí inú wọn nìkan ló fi ọ̀kan ju èkejì lọ.

Ní 1983 owó wọn já wálẹ̀. 16K di pọ́n-ùn 99.95, 48K di 129.95. Bàbá Lọ́ńdọ̀nù wo àpò rẹ̀, ó ra èyí tó kéré. Ó ní ọgbọ̀n pọ́n-ùn tó kù yóò wúlò fún nǹkan mìíràn, pé bó bá yá òun yóò fi ìrántí kún un. Ẹ ṣáà máa fi ọgbọ̀n pọ́n-ùn yẹn sọ́kàn o.

Ẹ lè bi mí pé kí ni K yìí. Kò ṣòro. 1K jẹ́ àyè 1,024, àyè kọ̀ọ̀kan sì gba lẹ́tà kan ṣoṣo. 16K wá jẹ́ àyè 16,384. Létí, ó dà bí ẹni pé ó pọ̀. Ṣùgbọ́n àwòrán tó ń hàn lójú telifíṣọ̀n nìkan ń gba 6,912 nínú rẹ̀, ohun tó sì ṣẹ́kù fún onílé kò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án lọ. Àròkọ tí ẹ ń kà lọ́wọ́ yìí kò ní wọ inú rẹ̀ tán.

Bàbá Lọ́ńdọ̀nù sì ní ohun tó fẹ́ fi ṣe. Òun ni akápò ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò wa. Ó fẹ́ kó orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ sínú ẹ̀rọ náà, iye tí oníkálukú dá, iye tó yá, àti iye tó kù kó san. Kò tíì dé ìdajì orúkọ tí ẹ̀rọ náà fi ní òun ti yó. Ló bá kọ̀wé sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Peckham pé kó bá òun ra ìrántí tí yóò sọ 16K di 48K.

Ẹrù náà dé ní 1985. Áísì méjìlá ni. Mẹ́jọ jẹ́ ti ìrántí fúnra rẹ̀, mẹ́rin jẹ́ àwọn tó ń darí wọn. Ìwé ìlànà ojú ewé kan bá wọn wá. Àwọn ihò tí wọn yóò wọ̀ ti wà nílẹ̀ nínú ẹ̀rọ láti ilé-iṣẹ́ wá, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ló kù tí wọn yóò fi lẹ́ẹ̀dì jó mọ́ pátákó inú rẹ̀. Bàbá Lọ́ńdọ̀nù kò mọ lẹ́ẹ̀dì jó. Ó gbé e fún ọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe ní ìsàlẹ̀ òpópó wa. Ẹni tí wọ́n jọ ń ta ayò ní ìrọ̀lẹ́ ni.

Ọkùnrin náà ṣe é ní ọjọ́ kan, ó gbé e padà wá. Wọ́n so ó mọ́ telifíṣọ̀n, ó tàn. Bàbá Lọ́ńdọ̀nù ṣí ìwé Vickers. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé àyè 23732 àti èyí tó tẹ̀ lé e ni ẹ̀rọ náà ń kọ òpin ìrántí rẹ̀ sí. Ó tẹ PRINT PEEK 23732+256*PEEK 23733. Bí iṣẹ́ bá yọrí, 65535 ló yẹ kó jáde. Ohun tó jáde ni 33791. Ó pa á, ó tún tàn án, 33791 náà ni. Ó fi báírò pupa kọ ọ́ sínú ìwé ìdárayá ẹgbẹ́, ó sì fa ìlà méjì sí i nídìí.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí, ṣùgbọ́n mo rántí ariwo ọjọ́ náà. Bàbá Lọ́ńdọ̀nù dúró sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń pariwo pé, "O ti ta áísì mi! Òkú áísì lo kì bọ inú ẹ̀rọ mi!" Ọkùnrin náà kò gbé ohùn sókè. Ó ń sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ kó fún mi ni mo fi sí i. Ẹ wo ìwé, bó ṣe wí ni mo ṣe é." Ta ló máa gbọ́? Ẹni tó ti Lọ́ńdọ̀nù bọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé onílé. Wọn kò rí i dájọ́, ṣùgbọ́n àdúgbò ti dá a tirẹ̀. Àwọn tó gbé rédíò sí ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í lọ gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kó má bàa yọ inú rẹ̀ tà. Kí ọdún tó parí, ó kó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kúrò, ó lọ sí apá Mọ́níyà.

Bàbá Lọ́ńdọ̀nù ní òun yóò ra òmíràn. SFEM dé ní 1986, náírà já wálẹ̀ bí ìgbà tí okùn kànga bá já, ọ̀rọ̀ pọ́n-ùn di ohun tí à ń fi ojú wò. Ẹ̀rọ náà wọ inú páálí, páálí wọ òkè àjà. Títí ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi kú ní 2009, bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ ọkùnrin yẹn lójú rẹ̀, ohun tó ń sọ ni pé, "Olè yẹn."

Ní 2024 ni a fẹ́ tún òrùlé ilé náà ṣe, wọ́n ní kí n wá kó ẹrù òkè àjà. Mo rí páálí náà. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe, mo ti ń fojú inú wo àkọlé àròkọ kékeré kan tí yóò pa èèyàn lẹ́rìn-ín nípa kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́. Gbogbo rẹ̀ pé síbẹ̀: ẹ̀rọ, ìwé Vickers, ìwé ìdárayá ẹgbẹ́, àti àpò ìwé tó ti Peckham wá, tí ìwé ìlànà ṣì wà nínú rẹ̀.

N kò kì í bọ iná. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílé mọ̀. Iná fólítì 9 ló ń lò, ṣùgbọ́n ẹnu ṣájà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti òde òní. Nínú ọ̀pọ̀ ṣájà ìsinsìnyí, pósítíìfù ló wà ní àárín. Ní ti Spectrum, nẹ́gétíìfù ló wà ní àárín. Ẹni tó bá sáré ki èyí tó kọ́kọ́ rí bọ̀ ọ́, èéfín ni yóò fi ṣèfà jẹ. Mo gbé e lọ bá ọ̀dọ́kùnrin kan ní Computer Village, n'Íkẹjà, tó ń tún pátákó fóònù ṣe. Ó wò ó bí ìgbà tí ọmọdé bá rí egúngún bàbá ńlá rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fi sílẹ̀ di ọ̀la."

Ó yọ àwọn kàpásítọ̀ tó ti gbó, ó fi tuntun sí i. Ó fi mítà wọn iná tó ń dé ìdí àwọn áísì ìrántí àtijọ́, àwọn mẹ́jọ tó bá ẹ̀rọ náà wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Orúkọ wọn ni 4116. Oríṣi iná mẹ́ta ni wọ́n ń jẹ: fólítì 5, fólítì 12, àti fólítì 5 tó jẹ́ nẹ́gétíìfù. Bí nẹ́gétíìfù yẹn bá kú tí 12 ṣì ń wọlé, wọn yóò jóná ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé. A wá rí telifíṣọ̀n àtijọ́ kan, a yí i sí ìkànnì 36. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, ó wá mọ́lẹ̀, ìlà kan sì jáde nísàlẹ̀: © 1982 Sinclair Research Ltd. Gbogbo àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù hó yè.

Mo tẹ ohun tí Bàbá Lọ́ńdọ̀nù tẹ̀. Ẹ̀rọ yìí ní àrà tirẹ̀, lẹ́tà P nìkan ni ènìyàn ń tẹ̀ tí odidi PRINT fi ń jáde. Mo tẹ̀ ẹ́ tán. Nọ́ńbà jáde: 33791.

Mo ṣí ìwé ìdárayá. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú báírò pupa náà ni. Ara mi bù ṣìkà.

Ọ̀dọ́kùnrin náà bi mí ní ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kò bi ara rẹ̀ ní 1985. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ká ní ihò àwọn áísì tuntun yẹn ṣófo pátápátá, eélòó ló yẹ kó kọ?" A ṣí ìwé. 32767 ni. Ó ní, "Ó wá fi 1,024 lé. Níbo ni 1,024 yẹn ti wá?"

Kí ẹ lè rí ohun tó rí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ka ìrántí ara rẹ̀. Gbàrà tí iná bá ti wọlé, yóò kọ 2 sí gbogbo àyè. Yóò wá bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, yóò yọ 1, yóò tún yọ 1. Bí ó bá ku òdo, ó dára, ó kàn án, ó kọjá sí èyí tó tẹ̀ lé e. Ìgbà àkọ́kọ́ tó bá kan àyè kan tí kò dáhùn bó ṣe yẹ, yóò dúró síbẹ̀, yóò sì kéde pé ibẹ̀ ni òpin. Ó dà bí ẹni tó ń ka àwọn ará ìlú láti ojúlé dé ojúlé. Ilé àkọ́kọ́ tí kò bá ti rí ẹni dá a lóhùn, ó ká ìwé rẹ̀, ó ní ìlú tán. Kò mọ̀ bóyá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn wà níwájú.

Ìyẹn ni pé 1,024 àyè ti dáhùn kí ẹnì kan tó dákẹ́. Kì í ṣe òkú ló wà nínú ihò wọ̀nyẹn. Kí wá ló ṣe wọ́n? Ibí yìí ni ìtàn ti wọ̀ ọ́, a óò sì rìn jìnnà díẹ̀ kí a tó padà.

Láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣe kọ̀ǹpútà, ìṣirò kò fi bẹ́ẹ̀ nira fún un. Ìrántí ló nira. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1948, ní Yunifásítì Manchester, ẹ̀rọ kan ṣiṣẹ́ tó ń rántí àṣẹ tí wọ́n fún un, ó sì ń tẹ̀ lé e. Williams àti Kilburn ló ṣe ìrántí rẹ̀, ojú gíláàsì irú ti telifíṣọ̀n ni wọ́n ń tọ́ àwọn àmì sí. Gbogbo ohun tó lè rántí jẹ́ àmì 1,024. Àmì ni mo wí o, kì í ṣe lẹ́tà, nítorí pé àmì mẹ́jọ ló ń di àyè kan nínú Spectrum. Àwọn àmì náà sì ń parẹ́ lọ bí omi lórí àpáta, àfi bí ẹ̀rọ bá ń tún wọn kọ láìsinmi. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní Cambridge, Maurice Wilkes àti àwọn ènìyàn rẹ̀ fi màkúrì tó wà nínú ọ̀pá gígùn ṣe ti EDSAC. Ohùn ni wọ́n ń rán gba inú màkúrì náà kọjá, bó bá dé òpin, wọ́n á dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ní 1953, ní MIT l'Amẹ́ríkà, wọ́n fi àwọn òrùka kéékèèké tó ń di agbára òòfà mú sínú ẹ̀rọ Whirlwind, wáyà sì gba inú wọn kọjá bí ìgbà tí a bá ń sín ìlẹ̀kẹ̀. Èyí kì í gbàgbé, bí wọ́n tilẹ̀ pa iná. Ṣùgbọ́n ó wọ́n.

Ẹni tó sọ ìrántí di olówó pọ́ọ́kú ni Robert Dennard ti IBM. Èrò náà wá sí i lọ́kàn ní 1966, wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1968. Ó ní kí iná bíńtín tí a fi pamọ́ sí ojú kan dúró fún àmì kan. Iná wà, òòkan ni. Kò sí iná, òdo ni. Ní 1970 Intel ta áísì irú rẹ̀ tó gba 1,024 àmì, gbogbo ohun tí ẹ̀rọ Manchester lè rántí, nínú nǹkan tí kò tó èékánná ìka. Àléébù rẹ̀ kan ni pé iná náà ń jò. Ẹ fojú inú wo ọ̀kẹ́ àìmọye igbá tó lu, tí ọmọ kan ń sáré yí wọn ká, tó ń bu omi kún èyí tó bá ti fẹ́ gbẹ. Nínú áísì 4116 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ìgbà 500 ló gbọ́dọ̀ yí gbogbo wọn ká láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo.

Nígbà tó fi di 1982, wọ́n ti ń ṣe áísì tó gba àmì 65,536. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: nínú igbá 65,536 tí ojú kò rí, ṣé ọ̀kan kò ní fọ́? Eruku kan tó bá bà lé e nílé-iṣẹ́ ti tó. Ọ̀pọ̀ ló ń jáde tí ìdajì rẹ̀ dára tí ìdajì kejì ní àbùkù. Ṣé kí wọ́n dà á nù ni? Oníṣòwò kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Texas Instruments dán wọn wò, wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀, wọ́n pè wọ́n ní 4532, wọ́n sì tà wọ́n ní ẹ̀dínwó bí áísì tó gba 32,768 péré. Wọ́n kọ nọ́ńbà sí ìparí orúkọ wọn. Bó bá parí sí 3, ìdajì kan ló dára. Bó bá parí sí 4, ìdajì kejì ni. Sinclair, ẹni tí kò fẹ́ kí owó ga, ló rà wọ́n sínú 48K.

Ẹ rí i báyìí? Òkú áísì tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń pariwo rẹ̀ lójú pópó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ti ilé-iṣẹ́ wá. Ìdajì rẹ̀ ti ní àbùkù láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Àìmọye ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ló ń fi irú rẹ̀ gan-an ṣeré nínú pálọ̀ wọn, tí wọn kò mọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ: ẹni tó ń fi í sínú ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ sọ fún ẹ̀rọ náà ìdajì wo ni kó lò. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ló ń sọ ọ́. Bí wáyà bá wà lápá kan, a jẹ́ pé ti 3 ni. Bó bá wà lápá kejì, ti 4 ni. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ irú kan náà.

Ọ̀dọ́kùnrin náà tan iná fóònù rẹ̀ sí àwọn áísì náà, ó ń kà wọ́n sókè. Mẹ́rin. Mẹ́rin. Mẹ́rin. Mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ parí sí 4. Nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe wọ́n wà lẹ́yìn wọn, 84 ló fi bẹ̀rẹ̀ lára gbogbo wọn, nọ́ńbà ọ̀sẹ̀ kan náà lára mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Èyí nìkan ti tó láti dá ọkùnrin náà láre. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe ní Ìbàdàn ní 1985, níbo ni yóò ti rí áísì 4532 mẹ́jọ, ọmọ ìyá kan náà, ọmọ ọ̀sẹ̀ kan náà, tí yóò fi pààrọ̀ ti ẹni ẹlẹ́ni?

Ó wá tan iná sí wáyà. Apá ti 3 ló wà.

Mo fa ìwé ìlànà yọ. Ó ti pọ́n, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé kí wáyà wà ní apá ti 3, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀. Kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ nípa 4. Ẹni tó di ẹrù náà ní Lọ́ńdọ̀nù ti pààrọ̀ áísì, kò pààrọ̀ ìwé. Ọkùnrin tí a pè ní olè tẹ̀ lé ìwé bó ti wí, lẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sì mọ́ dáadáa. Ọ̀dọ́kùnrin náà fúnra rẹ̀ ní òun kò lè jó o jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó gbóná áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Ó yọ wáyà, ó gbé e sí apá kejì. Kò gbà á ju ìṣẹ́jú mẹ́ta. A tan ẹ̀rọ, mo tẹ ọ̀rọ̀ náà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. 65535.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Nítorí rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ méjì fi di ọ̀tá, tí ọkùnrin kan fi kó kúrò láàárín àwọn èèyàn rẹ̀.

Mo pe ọmọ Bàbá Lọ́ńdọ̀nù, Bọ̀ọ̀dá mi, mo ní ó di dandan kó bá mi lọ. Ó kọ́kọ́ ní òkú kò ṣeé bá wí. Mo ní kì í ṣe òkú ni à ń lọ bẹ̀. A béèrè ní Mọ́níyà títí a fi rí ilé náà. Bàbá arúgbó kan jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, rédíò kékeré kan wà létí rẹ̀. A dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bọ̀ọ̀dá mi sọ ọmọ ẹni tí òun jẹ́. Bàbá náà kò ní ká dìde, kò sì ní ká máa lọ. Ó na ọwọ́ gba ìwé ìlànà lọ́wọ́ mi, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ń kà á bí ẹni tó ń ka ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ nígbà èwe.

Ó ní, "Apá ti 3. Bó ṣe wí nìyí."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ti 4 ni wọ́n kó ránṣẹ́."

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Mo sọ fún un. Mo ní, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ yìí rí nǹkan, kò kàn rí gbogbo rẹ̀ ni, ẹ fún mi láàyè kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Kò gbọ́." Ó wò mí. "Eélòó ló kọ báyìí?"

"65535, Bàbá."

Ó mi orí. Ó ní ká dìde. Bọ̀ọ̀dá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ lọ́tun, Bàbá gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Èmi ti mọ̀ pé n kò jí nǹkankan. Ìyàwó mi ni ẹ ò bá sọ fún. Òun ni wọ́n ń yọ ṣùtì sí lọ́jà. Ọdún méje rèé tó ti lọ. Ẹ pẹ́ díẹ̀."

Kò sí èsì tí ènìyàn lè fọ̀ sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. A jókòó. Omi ni wọ́n gbé fún wa, a mu ún.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, ó bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo sọ fún un. Ó ní, "Ìta gbangba ni wọ́n ti pè mí ní olè. Bó o bá fẹ́ ṣe mí lóore, ìta gbangba náà ni kó o ti sọ pé n kì í ṣe olè. Má dárúkọ mi. Àwọn tó yẹ kó mọ̀ yóò mọ̀."

Ìdí rèé tí mo fi kọ ọ́. Ẹ̀yin ará àdúgbò wa àtijọ́, ẹ̀yin tí ẹ lọ gbé rédíò yín kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní 1985, ẹ̀yin ọmọ wọn náà, ẹ gbọ́ o. Áísì mẹ́jọ ni wọ́n kó fún un, áísì mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà kò jí nǹkankan.